Mẹ́ta Tí Mo Kọ Sílẹ̀, àti Omi Tó Wọ Ilé Ìgbẹ̀bí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa yàn, omi ni èmi wọ̀n jálẹ̀ ayé mi. Láti ìgbà tí mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama títí di ọjọ́ tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, iṣẹ́ mi ni pé kí n wo ibi tí omi dé lára ọ̀pá, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Ìyá mi náà rín in. Wọ́n dáwọ́ ẹja tí wọ́n ń yan dúró ní Máhìntẹ́dó, wọ́n ní, "Mórẹ́nikẹ́, ṣé omi fẹ́ sá lọ ni ìjọba fi ní kí o máa ṣọ́ ọ?"

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìṣirò tó sì lè tukọ̀, mo mọ méjèèjì. Owó oṣù rẹ̀, mo fi jẹun, mo fi rán ọmọ níwèé, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá rántí wọn títí di òní, àyà mi ṣì máa ń já.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Àjàní. Ará òkè ni wọ́n, apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí ọ́fíìsì wa ní Igbókòdá. Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu nípa wọn ni pé wọn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹni tó ń wọ̀n omi, omi ló ń bà á lẹ́rù jù láyé! Bí a bá fẹ́ wọ ọkọ̀, Ọ̀gá á so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n á so ìdí kejì mọ́ pákó ìjókòó.

Mo ní, "Ọ̀gá, bí ọkọ̀ yìí bá dojú dé, ṣé okùn yẹn ò ní pa yín?"

Wọ́n ní, "Ó kéré tán, ẹ ó rí òkú mi sin."

Wọn ò rẹ́rìn-ín o. Ọ̀gá kì í fi iṣẹ́ ṣàwàdà. Ọ̀pá tí a fi ń wọ̀n omi, pákó gígùn ni, tí a fi ọ̀dà kun, tí a kọ íńṣì sí lára, tí a sì kàn mọ́ òpó nínú omi. Òfin Ọ̀gá ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ kà á lórí ìdúró. O máa tẹ̀ ba nínú ọkọ̀ títí ojú rẹ á fi bá ojú omi dọ́gba. O máa kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Pẹ́ńsù lo máa fi kọ ọ́, torí pé omi ń fọ yíǹkì dànù. Nọ́ńbà tí ojú rẹ ò bá sì rí, ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kọ ọ́.

Mo rú òfin ìkẹyìn yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òjò ńlá kan ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo jókòó sábẹ́ òrùlé, mo kọ ogún sínú ìwé, torí pé ogún náà ni ti àná. Ọ̀gá wo ìwé náà, wọ́n wo aṣọ mi tó gbẹ fúrúfúrú. Wọn ò bú mi. Wọ́n mú okùn wọn, wọ́n so ó mọ́ ìbàdí, wọ́n sì bọ́ sínú ọkọ̀ nínú òjò yẹn, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo tukọ̀, ìjì ń gbé wa síhìn-ín sọ́hùn-ún, Ọ̀gá di pákó mú. A dé ìdí ọ̀pá. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni omi wà.

Ọ̀gá ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Pa ogún yẹn rẹ́."

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí mò ń fi ṣeré, ẹlòmíràn lè fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ ọ́n kà ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ìṣirò rẹ̀. Àròpín kò ṣòro: ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ní àròpín nìkan lè tan èèyàn jẹ. Wọ́n bi mí pé, "Awakọ̀ méjì ló ń ná Zion Pepe sí Igbókòdá. Ọ̀kan ń lo wákàtí kan lójoojúmọ́. Èkejì lè lo ààbọ̀ wákàtí lónìí, kó lo wákàtí kan ààbọ̀ lọ́la. Àròpín wọn dọ́gba. Bí o bá ní ìdánwò láàárọ̀ ọ̀la, ọkọ̀ ta ni wàá wọ̀?"

Mo ní, "Ti ẹni àkọ́kọ́, sà."

"Ó dáa. Ohun tó mú kí o sá fún èkejì la fẹ́ kọ́ báyìí."

Wọ́n pe ohun náà ní ìfọ́nká. Ẹ máa yọ àròpín kúrò lára nọ́ńbà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ bí ó ṣe jìnnà sí i tó. Ẹ fi ìjìnnà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in dọ́gba. Èyí tí ẹ bá rí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní fáríáǹsì. Bí ẹ bá wá nọ́ńbà tó lọ́po ara rẹ̀ tó fi di iye yẹn, ìyẹn ni ìfọ́nká, ó sì ti padà di íńṣì tí ọwọ́ lè wọ̀n. Ìfọ́nká kékeré, omi náà kì í rìn jìnnà sí àròpín rẹ̀. Ìfọ́nká ńlá, ẹ ṣọ́ra.

Ìwé méjì ni Ọ̀gá ń lò. Ọ̀kan fún omi jẹ́jẹ́, ìyẹn ọjọ́ tí òkun bá wà ní àyè rẹ̀. Èkejì fún omi òkun, ìyẹn ọjọ́ tí òkun bá ti omi wọ inú odò wa. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ nǹkan mẹ́ta sórí káàdì líle kan: iye ọjọ́ tí a kà, àròpín, àti ìfọ́nká. Ìgbà tí iṣẹ́ Ọ̀gá parí tí wọ́n ń padà sí ìlú wọn, wọ́n kó ìwé, káàdì àti kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo di ọ̀gá ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbákò náà báyìí, kí n tó rí àwáwí tí n ó fi fò ó.

Òrùlé ọ́fíìsì wa ṣí, òjò wọlé sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo ìwé náà lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ, tí a fi ojú rí, tí a fi pẹ́ńsù kọ! Káàdì nìkan ló ṣẹ́ kù, torí pé inú agolo ni mo fi í sí. Kò pẹ́ sígbà náà ni lẹ́tà dé: wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sórí omi ní abúlé kan lẹ́yìn Zion Pepe. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Wọ́n fẹ́ mọ àròpín omi ibẹ̀ àti ìfọ́nká rẹ̀, ọ̀kan péré fún gbogbo ọjọ́ pọ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọ̀pá wa kan wà níbẹ̀, ti ọ̀pá náà sì ni káàdì yẹn, mo gbé e síwájú. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá tí a kà, mẹ́sàn-án jẹ́ omi jẹ́jẹ́, ọ̀kan jẹ́ omi òkun. Àròpín omi jẹ́jẹ́ jẹ́ ogún íńṣì. Ti omi òkun jẹ́ àádọ́ta. Mo fara balẹ̀ níbi àròpín o. Mo mọ̀ pé n kò lè ro ogún mọ́ àádọ́ta kí n wá pín in sí méjì, torí pé ọjọ́ ogún pọ̀ ju ọjọ́ àádọ́ta lọ. Mo mú ogún lọ́nà mẹ́sàn-án, mo fi àádọ́ta kan kún un, mo pín in sí mẹ́wàá: mẹ́tàlélógún. Ó tọ̀nà.

Mo wá dé orí ìfọ́nká. Ti omi jẹ́jẹ́, mẹ́ta. Ti omi òkun, mẹ́ta. Mẹ́ta àti mẹ́ta, kí ni mo tún fẹ́ ṣírò? Mo kọ mẹ́ta. Mo fọwọ́ sí i. Mo lọ jẹ púpurú.

Ẹnjiníà tó ń kọ́lé náà kò rí káàdì mi. Àròpín àti ìfọ́nká nìkan ló rí. Ìlànà tiẹ̀ ni pé kó mú àròpín, kó fi ìfọ́nká lọ́nà mẹ́ta kún un, kó tún fi ẹsẹ̀ bàtà kan lé e. Mẹ́tàlélógún, àti mẹ́sàn-án, àti méjìlá. Bó ṣe gbé ilẹ̀ pákó ilé náà ka íńṣì mẹ́rìnlélógójì lára ọ̀pá wa nìyẹn.

Ìyá àgbàlagbà kan wà lábúlé náà, Ìyá Orímisan. Àwọn ló ń gbẹ̀bí níbẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó dé. Ọjọ́ tí àwọn káfíńtà kan pákó tán, Ìyá tukọ̀ yí ilé náà po, wọ́n sì bi mí.

"Mórẹ́nikẹ́, ṣé ilé yìí ò kúrú?"

"Kò kúrú, màmá. A ti ṣírò rẹ̀."

"Mo ti rí omi tó ju ibí yìí lọ."

"Màmá, ẹni tó bu omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. A ti wọ̀n ọ́n tipẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ilé náà, wọ́n tukọ̀ wọn lọ. Ẹnu mi ni mo fi sọ pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹnu yìí náà ni.

Ọ̀sán gangan ni omi náà dé. Mo wà nítòsí, mò ń ka ọ̀pá. Oòrùn ń ràn, kò sí ẹ̀kán òjò kan, omi sì ń gòkè. Mo kà á, ó wà ní méjìlélógójì. Mo tún tẹ̀ ba, mo tún un kà, mo rò pé ojú mi ni. Kí n tó gbórí sókè, ó ti kọjá mẹ́rìnlélógójì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ igbe Nọ́ọ̀sì Tóyìn láti inú ilé ìgbẹ̀bí.

"Omi ti wọlé o! Ẹ gbà wá o!"

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́tọ́lá ló ń rọbí nínú ilé. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, omi ń hó jáde láàárín pákó bí ẹni pé wọ́n ń sè é lábẹ́. Nọ́ọ̀sì Tóyìn ti gbé ìdí bẹ́ẹ̀dì lé àga. Àga kan yẹ̀, bẹ́ẹ̀dì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ọmọ́tọ́lá figbe ta. Kọ́bọ́ọ̀dù òògùn ti kún fún omi. Omi ti dé agbede méjì ojúgun wa. Mo dúró bí ère.

Ni mo bá rí orí ọkọ̀ tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Orímisan ni. Wọ́n tukọ̀ wọ inú ilé! Wọ́n tukọ̀ gba ẹnu ọ̀nà, lórí ilẹ̀ tí mo ní omi ò lè dé, títí tí ọkọ̀ fi kan bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní, "Kí lẹ dúró ń wò? Ẹ gbé e síbí!"

A gbé Ọmọ́tọ́lá sínú ọkọ̀ náà. Ìyá Orímisan kúnlẹ̀ sápá ẹsẹ̀ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Tóyìn dúró sínú omi lápá kan, èmi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú kó má baà mì. Inú ọkọ̀ tó wà nínú ilé ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Obìnrin ni. Ó ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dá, òògùn tí ì bá dá a sì ti bómi lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló gbé e sáré lọ sí Igbókòdá. Bí wọ́n ti ń gbé e lọ, Ìyá Orímisan fọ ọwọ́ wọn nínú omi tó wà nínú ilé, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Mórẹ́nikẹ́, ṣé nọ́ńbà yín rí eléyìí?"

Mo lọ ka ọ̀pá, torí pé òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Márùndínlọ́gọ́ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọ káàdì jáde nínú agolo, mo gbé e sórí tábìlì. Àádọ́ta! Àádọ́ta ló wà níbẹ̀, ó hàn gbangba, ọwọ́ Ọ̀gá ló kọ ọ́. Àròpín omi òkun fúnra rẹ̀ ga ju ilẹ̀ ilé náà lọ. Kì í ṣe omi àràmàǹdà ló dé. Omi tó ń wá tẹ́lẹ̀ ni, ọjọ́ kan nínú mẹ́wàá, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì dé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé. Ojú mi rí àádọ́ta, ọwọ́ mi kọ mẹ́ta. Mo pariwo débi pé akọ̀wé yàrá kejì sáré wọlé, ó rò pé ejò ni.

Mo wọkọ̀ lọ sí ìlú Ọ̀gá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá wọn, wọ́n ti darúgbó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, n kò mọ̀gbà tí mo ṣe é. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gba káàdì, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta ló kọ mẹ́ta yìí?"

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá ní, "Kó ọmọ ọwọ́ mẹ́wàá sínú yàrá. Ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kó arúgbó mẹ́wàá bí tèmi wá bá wọn. Ọjọ́ orí tiwọn náà súnmọ́ ara. Ṣé o wá lè sọ pé gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá yẹn jọ jẹ́ ẹgbẹ́?"

"Rárá, sà."

Wọ́n ní, "Ìyàtọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wà láàárín ìdìpọ̀ kan sí èkejì. O mú ti inú, o gbàgbé ti àárín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mú pẹ́ńsù."

A jọ ṣe é. Ọ̀gá ní ká má fọwọ́ kan ìfọ́nká fúnra rẹ̀, fáríáǹsì ni ká lò. Fáríáǹsì ti inú: mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án, nínú ìdìpọ̀ méjèèjì. Ó wá ku ti àárín. Omi jẹ́jẹ́ fi mẹ́ta jìnnà sí mẹ́tàlélógún. Ó lọ́po ara rẹ̀, mẹ́sàn-án. Ọ̀nà mẹ́sàn-án rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Omi òkun fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jìnnà sí i. Ó lọ́po ara rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Méjèèjì pọ̀, ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́wàá. Pín in sí mẹ́wàá: mọ́kànlélọ́gọ́rin. Fi mẹ́sàn-án ti inú kún un: àádọ́rùn-ún. Fáríáǹsì mẹ́sàn-án ni mẹ́ta tí mo kọ dúró fún, àádọ́rùn-ún ló jẹ́! Ìfọ́nká tòótọ́ jẹ́ íńṣì mẹ́sàn-án ààbọ̀. Bí Ẹnjiníà bá lo ìyẹn, ilẹ̀ ilé náà ì bá kọjá íńṣì mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Omi ọjọ́ yẹn kì bá tí kàn án rárá.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá sọ ohun tó dùn mí ju ìbáwí lọ. Wọ́n ní, "Èmi ni mo pín ìwé sí méjì. N kò fọjọ́ kan kọ́ ẹ bí a ṣe ń dà wọ́n pọ̀." Wọ́n dá káàdì padà fún mi. "Padà lọ. Má kọ lẹ́tà. Ẹnu ni kí o fi sọ ọ́ fún wọn."

Mo lọ. Wọ́n pe ìpàdé sí iwájú ilé ẹ̀kọ́, mo dúró láàárín wọn, mo ní òkun kọ́ ló ṣe é, èmi ni. Ọkọ Ọmọ́tọ́lá fò dìde.

"Ká ní ìyàwó mi kú ńkọ́?"

Mo kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Àwọn kan ń kùn pé kí wọ́n lé mi lọ. Ọmọ́tọ́lá jókòó níwájú, ó ti dé láti ilé ìwòsàn, ó rù, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló wá sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ má sọ nọ́ńbà fún wa mọ́. Èló ni ẹ fẹ́ fi gbé ilé náà sókè? Ẹ fi hàn wá lára yín."

Ogún íńṣì ni. Mo fi ọwọ́ sí òkè orúnkún mi. Gbogbo wọn wò ó. Ìyá Orímisan ní, "Ibẹ̀ yẹn ni mo ní lọ́kàn láti ọjọ́ yìí." Ariwo ta, wọn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò lé mi mọ́. Ẹnjiníà padà wá, ó bá mi jà títí mo fi tẹ́ ìṣirò náà síwájú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra jókòó sórí pákó. Wọ́n ri òpó tuntun, wọ́n gbé ilẹ̀ ilé náà ka mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn obìnrin tó gbà láti padà wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń rí wọn tí wọ́n ń tukọ̀ pẹ̀lú oyún kọjá iwájú ilé náà lọ sí ibi tó jìnnà.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìyẹn, irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Ọ̀pá pákó di ẹ̀rọ onírin kan tó rí bí ìlù, tó ń yí, tó ń fi bírò fa ilà ibi tí omi dé sórí bébà. Ìyẹn náà lọ, ẹ̀rọ tó ń jẹ oòrùn dé, tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù. Àwọn ọmọ tó ń ti Àkúrẹ́ wá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kí tíì tó tutù. Inú mi dùn sí i, ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rọ kì í béèrè ìbéèrè. Bí o bá fún un ní mẹ́ta àti mẹ́ta kó wá àárín wọn, mẹ́ta ló máa fún ẹ, kò ní wo àádọ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn nọ́ńbà, ẹ wá síbi iṣẹ́ yìí. Àmọ́ bí wọ́n bá kó àkójọ ìdìpọ̀ fún yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ìdìpọ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì tó.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì, òkun tún ti omi wọ odò wa. Iyọ̀ ti jẹ ẹ̀rọ náà, kò sọ̀rọ̀ láti àná rẹ̀. Mo mú àjẹ̀, mo tukọ̀ lọ fúnra mi. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn bíi tìjọ́sí. Mo sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ̀bí náà, níbi tí ọ̀pá àtijọ́ ṣì wà lára òpó ìta. Mo tẹ̀ ba. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mò ń retí igbe láti òkè. Kò sẹ́ni tó ké. Ẹnì kan ń rìn lórí pákó, ẹnì kan ń kọrin fún ọmọ. Mo fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n da omi láti ojú fèrèsé, gbàà, sí mi lórí. Omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun ni, ọṣẹ àti ìdọ̀tí ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó dà á kò tiẹ̀ wolẹ̀. Kò mọ̀ pé omi òkun wà nísàlẹ̀ rárá.

Mo nu ojú mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Mo sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé tó ti rin: méjìdínlọ́gọ́ta.